Homiópátì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹ̀rí pé ó ń wo àìsàn tàbí kò wò ó

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ́, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ń béèrè ṣáá nìyí nípa àwọn hóró homiópátì funfun kéékèèké inú ọ̀pá ike tí ìbátan ń kó bọ̀ láti Faransé. A bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó.

Kí ni homiópátì gan-an?

Ọ̀nà ìtọ́jú tí dókítà ará Jámánì kan, Samuel Hahnemann, gbé kalẹ̀ ni. Wọ́n bí i ní 1755 ní ìlú Meissen, ó sì kú sí Paris ní 1843. Lọ́dún 1790 ó gbé èèpo igi sinkónà mì, èyí tí wọ́n fi ń wo ibà láyé ìgbà náà, ó sì ní àmì bíi ti ẹni tí ibà mú yọ sí òun lára. Ibẹ̀ ló ti fa òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ yọ: ohun tó bá ń fa àmì kan lára ẹni tí ara rẹ̀ le ni yóò wo aláìsàn tó ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Òfin kejì ni pé bí a bá ṣe ń po ohun náà mọ́ omi tó, tí a sì ń gbọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ á ṣe máa pọ̀ sí i. Ó kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1810.

Sinkónà ń wo ibà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe nítorí ìdí tí Hahnemann rò. Ní 1820, àwọn onímọ̀ ará Faransé méjì, Pelletier àti Caventou, yọ kuiníìnì jáde láti inú èèpo náà. Ní 1880, Laveran, dókítà ará Faransé, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Àlùjéríà. Kòkòrò yẹn ni kuiníìnì ń pa. Hahnemann ti kú kí wọ́n tó rí kòkòrò náà, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè dá a lẹ́bi. Àwa tí a wà láyé lónìí ni kò ní àwíjàre.

Ṣé kì í ṣe irú àgbo tiwa náà ni?

Rárá o, àṣìmú yìí ló sì wọ́pọ̀ jù. Nínú àgbo, ewé wà níbẹ̀, egbò wà níbẹ̀, èèpo igi wà níbẹ̀. Ohun tó bá wà nínú wọn lè ṣe ara lóore, ó sì lè pa ara lára bí a bá mu ún jù. Ewé artemisia tí àwọn ará Ṣáínà ń lò fún ibà láti ayébáyé ni Tu Youyou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yọ artemisinin jáde ní 1972. Òun ló wà nínú oògùn ibà tí ilé ìwòsàn ń fún wa lónìí, Tu Youyou sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2015.

Ẹni tó bá sọ pé homiópátì kò ní ẹ̀rí kò bú àwọn babaláwo, kò sì bú àwọn ìyá tó ń ta ewé ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwọn, ọ̀tọ̀ ni a sì gbọ́dọ̀ ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, ewé kan tẹ̀lé òmíràn.

Kí ni 5CH, 9CH tàbí 30CH tí wọ́n kọ sára rẹ̀?

Iye ìgbà tí wọ́n pò ó ni. Wọ́n á mú ìwọ̀n 1 nínú ohun náà, wọ́n á fi ìwọ̀n 99 omi tàbí ọtí lé e, wọ́n á gbọ̀n ọ́n: 1CH nìyẹn. Wọ́n á mú ìwọ̀n 1 nínú 1CH, wọ́n á tún fi 99 lé e: 2CH. Tó bá dé 5CH, ìwọ̀n 1 ló kù nínú bílíọ̀nù 10. Tó bá kọjá 12CH, ó ṣeé ṣe kí mólékù kan ṣoṣo, ìyẹn èérún tó kéré jù, nínú ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ má sí níbẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá kán ẹ̀kán omi kan ṣoṣo sínú gbogbo òkun Àtìláńtíìkì, tó sì pò mọ́ ọn káàkiri, kò tíì là tó 13CH. 30CH wá jẹ́ ìwọ̀n 1 nínú iye tí a ń kọ ní 1 tí òdo 60 tẹ̀ lé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ omi yìí sára hóró ṣúgà, omi á sì gbẹ. Oògùn ọ̀fìnkìn tó gbajúmọ̀ ní Faransé, Oscillococcinum, ọkàn àti ẹ̀dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì pò ó ní ìgbà 200. Ṣúgà ló kù.

Wọ́n ní omi ń rántí ohun tó ti wà nínú rẹ̀ rí. Ṣé òótọ́ ni?

Ní 1988, Jacques Benveniste, olùwádìí ará Faransé, tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé sáyẹ́ǹsì Nature tó dà bíi pé ó fi hàn bẹ́ẹ̀. Olóòtú ìwé náà, John Maddox, pẹ̀lú Walter Stewart àti onídán James Randi, lọ sí yàrá ìwádìí rẹ̀ kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ mọ ìgò tó ní oògùn àti ìgò tó jẹ́ omi lásán, àbájáde náà ń wá. Nígbà tí wọ́n fi àmì àṣírí bo àwọn ìgò náà tí ẹnikẹ́ni kò mọ èwo ni èwo, kò sí ohunkóhun mọ́.

Mo lò ó, ara mi yá. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí?

Pé ara yín yá, òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Ohun tí a kò mọ̀ ni bóyá ara ì bá yá bákan náà ká ní ẹ kò lo ohunkóhun. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀rí nínú ìṣègùn, orí ìbéèrè yìí ló dúró lé, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fò kọjá.

Ọ̀fìnkìn ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn tó ń dunni, làkúrègbé, orí fífọ́, ara yíyún, gbogbo wọn ló ń le, tí wọ́n tún ń rọlẹ̀. Ìgbà wo ni èèyàn máa ń wá oògùn? Ìgbà tó bá le jù ni. Lẹ́yìn ìgbà tó le jù, ìrọ̀rùn ló sábà máa ń kàn, yálà èèyàn lo oògùn tàbí kò lò ó. Ẹ tún fi kún un pé púpọ̀ nínú wa kì í lo ohun kan ṣoṣo: ẹni tó fi hóró sábẹ́ ahọ́n láàárọ̀ ti mu àgbo lálẹ́, ó sì ti gbé parasitamọ́ọ̀lù mì lọ́sàn-án. Tí ara bá wá yá, èwo nínú wọn la fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Pé àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ kò yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní 2005, ilé ìwòsàn homiópátì kan ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àkọsílẹ̀ aláìsàn 6,544 jáde: nǹkan bí 70 nínú 100 wọn ló ní ara òun yá sí i. Iye yẹn jọ ni lójú. Àmọ́ kò sí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n fi wé wọn, tí kò lo oògùn náà. Nítorí náà, ó sọ fún wa pé inú aláìsàn dùn, kò sì sọ ohun tó mú ara wọn yá.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ìtọ́jú kan ṣiṣẹ́?

Kèké ni wọ́n fi ń pín àwọn aláìsàn sí ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ kan á gba oògùn, ìkejì á gba ohun tó jọ ọ́ ní ìrísí àti adùn àmọ́ tí kò ní nǹkankan nínú, èyí tí a ó máa pè ní oògùn òfìfo. Aláìsàn kò ní mọ èyí tó gbà, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò náà kò ní mọ̀. Kèké ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè kó àwọn tí ara wọn le sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àìmọ̀ ni kò jẹ́ kí ìrètí àti ojúsàájú wọ inú ìṣirò.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan nìyí. Nílẹ̀ wa níbí, ní agbègbè Covè, Zagnanado àti Ouinhi, wọ́n fi kèké pín àwùjọ abúlé 60 sí ẹgbẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n lè fi irú àwọ̀n ẹ̀fọn mẹ́ta wé ara wọn. Àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìṣègùn Lancet ní 2023. Láàárín ọdún méjì, ibà láàárín àwọn ọmọdé tó sùn sábẹ́ àwọ̀n tí wọ́n fi chlorfenapyr kún oògùn rẹ̀ dín ní ìdá 46 nínú 100 sí ti àwọn tó lo àwọ̀n ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ̀rí ṣe ń rí nìyẹn. Ohun tí a béèrè lọ́wọ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, kò burú bí a bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ homiópátì.

Nígbà tí wọ́n kó gbogbo ìwádìí jọ, kí ni wọ́n rí?

Ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ sí ibi tó parí sí. Ní 1997, Klaus Linde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìdánwò 89 pọ̀, wọ́n sì rí i pé homiópátì ta oògùn òfìfo yọ. Àwọn tó fẹ́ràn homiópátì ṣì ń tọ́ka sí i títí dòní. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé ní 1999, Linde kan náà padà sórí àwọn ìdánwò yẹn, ó sì rí i pé bí wọ́n bá ṣe ṣe ìdánwò dáadáa tó, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní náà ń kéré tó.

Ní 2005, Shang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ìdánwò homiópátì 110 àti ti oògùn ilé ìwòsàn 110, wọ́n gbé wọn síra. Wọ́n ṣa àwọn tó tóbi tí wọ́n sì ṣe dáadáa jù: 8 ní apá homiópátì, 6 ní apá kejì. Nínú ìṣirò wọn, 1 túmọ̀ sí pé oògùn àti òfìfo kò yàtọ̀, bó bá sì ti kéré sí 1 tó ni oògùn ṣe dára tó. Ti oògùn ilé ìwòsàn jẹ́ 0.58, ìdánilójú sì wà pé ó yàtọ̀ sí 1. Ti homiópátì jẹ́ 0.88, àmọ́ ó lè jẹ́ láti 0.65 dé 1.19, ìyẹn ni pé 1 wà láàárín rẹ̀. A kò lè fi í yàtọ̀ sí ṣúgà.

Ní 2015, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìlera orílẹ̀-èdè Ọsirélíà yẹ ìwádìí 176 wò lórí àìsàn 61. Wọn kò rí àìsàn kankan tí ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé fi hàn pé homiópátì ń wò. Àjọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì Yúróòpù sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ní 2017.

Ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí kan wà tó ní ó ṣiṣẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò gbà wọ́n gbọ́?

A ka àwọn náà. Ẹ wo ti ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, nítorí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1994, Jennifer Jacobs tẹ ìdánwò kan jáde láti Nikarágúà, lórí ọmọ 81, tó ní homiópátì dín iye ọjọ́ ìgbẹ́ gbuuru kù. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe òmíràn ní Họ̀ndúrà, lórí ọmọ 292, èyí tó jáde ní 2006: kò sí ìyàtọ̀ láàárín oògùn àti òfìfo. Láti jẹ́ olóòótọ́, ní Nikarágúà wọ́n yan oògùn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ní Họ̀ndúrà àpòpọ̀ kan ni wọ́n fún gbogbo wọn. Síbẹ̀, kòńgẹ́ lásán lè tètè fa àṣìṣe nínú ìdánwò kékeré, èyí tó tóbi ni a máa ń gbára lé jù.

Ohun mìíràn wà tí ojú kì í tètè rí. Ní 2022, Gartlehner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àwọn ìdánwò homiópátì tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti 2002. Nǹkan bí 38 nínú 100 wọn ni kò jáde rárá. Nínú gbogbo ìdánwò homiópátì tó jáde, ó lé ní ìdajì tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí ń fún àbájáde tó dùn láyè láti jáde, kí èyí tí kò dùn máa sùn nínú dúrọ́ọ̀. Àrùn yìí wà nínú ìwádìí oògùn ilé ìwòsàn pẹ̀lú, ó sì yẹ kí a máa bá a jà níbikíbi.

Oníhomiópátì ń wo ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ṣé a lè fi kèké dán irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ wò?

A lè ṣe é, wọ́n sì ti ṣe é. Oníhomiópátì á bá aláìsàn sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú, á yan oògùn tó wù ú. Ibi tí wọ́n ti ń gbé oògùn fúnni ni kèké ti máa sọ bóyá èyí tó yàn gan-an ni aláìsàn á gbà tàbí òfìfo. Ní 2014, Robert Mathie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó irú rẹ̀ jọ, wọ́n rí àǹfààní kékeré, àmọ́ àwọn fúnra wọn kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdánwò náà kò dára tó láti fi ṣe ìpinnu. Mẹ́ta péré nínú wọn ni wọ́n kà sí èyí tó ṣeé gbára lé.

Èyí tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù ni ti Sarah Brien àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2011, lórí aláìsàn 83 tó ní làkúrègbé oríkèé. Wọ́n ya ìjókòó-sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ya oògùn sọ́tọ̀. Ìjókòó-sọ̀rọ̀ ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́. Oògùn homiópátì kò fi nǹkankan kún un. Ẹ jẹ́ kí àwọn dókítà wa gbọ́ èyí o. Ẹni tó jókòó láti àfẹ̀mọ́jú lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, tí dókítà kò wò lójú kó tó kọ ìwé oògùn fún un, kò ṣe ohun tó yani lẹ́nu bó bá lọ bá ẹni tó máa fetí sílẹ̀ sí i.

Bó bá jẹ́ ìgbàgbọ́ ló ń mú ara yá, kí ló burú níbẹ̀?

Ìgbàgbọ́ lè dín ìnira kù, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kan àrùn fúnra rẹ̀. Ní 2011, ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ní asímà. Àwọn tó fa oògùn òfìfo símú ní mímí ti rọrùn fún àwọn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú àwọn tó fa oògùn gidi. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí jáde, oògùn gidi ló fi nǹkan bí 20 nínú 100 kún un. Òfìfo kò ju nǹkan bí 7 lọ, iye kan náà tí àwọn tí wọn kò fún ní nǹkankan rí. Ẹ ronú ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó rò pé òun ń mí dáadáa.

Ọmọ ọwọ́ kò mọ̀ pé òun lo oògùn. Kí ló wá ń mú un yá?

Ọmọ kò mọ̀, ìyá mọ̀. Ìyá tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ á gbé ọmọ mọ́ra, ọmọ á sùn. Ìyá náà ló sì ń sọ bóyá ọmọ ti yá.

Ṣé mo lè fi wo ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru ọmọ mi?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ní 2009, àjọ ìlera àgbáyé kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbára lé homiópátì fún ibà, HIV, ikọ́ ife, ọ̀fìnkìn líle àti ìgbẹ́ gbuuru ọmọ ọwọ́. Ibà lè gba ẹ̀mí ọmọ kékeré láàárín ọjọ́ kan sí méjì tó bá ti le. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kàn, lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n fún un ní ACT, oògùn ibà tó wá láti ara artemisinin, tí wọ́n bá rí kòkòrò ibà. Tí gìrì bá mú un, tí kò lè mu ọmú, tó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, tàbí tó ń sùn tí kò ṣeé jí, kò sí àkókò mọ́: ilé ìwòsàn ni.

Fún ìgbẹ́ gbuuru, omi SRO, ìyẹn omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́, ni, pẹ̀lú síńkì fún ọjọ́ 10 sí 14, kí ìyá má sì dáwọ́ ọmú dúró. Lórí ìdènà, Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ kéékèèké ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ní April 2024. Kò sí hóró homiópátì tó lè dípò rẹ̀, kò sì sí èyí tó lè dípò àwọ̀n ẹ̀fọn.

Fámásì Faransé ń tà á. Ṣé wọ́n á máa tà á bí kò bá ṣiṣẹ́?

Òfin Yúróòpù gbà kí wọ́n fi ìwé tó rọrùn forúkọ oògùn homiópátì sílẹ̀, láìjẹ́ pé wọ́n fi ẹ̀rí hàn pé ó ń wo àìsàn, bó bá ṣáà ti là tó, tó jẹ́ èyí tí a ń gbé mì tàbí tí a ń fi para, tí wọn kò sì kọ àìsàn kankan sára rẹ̀. Ohun tí òfin béèrè ni pé kó má pa èèyàn lára.

Faransé fúnra rẹ̀ ti yí padà. Ní 2019, àjọ tó ń yẹ oògùn wò fún ìjọba wọn, HAS, wo nǹkan bí oògùn homiópátì 1,200, ó sì ní kí ìjọba má san owó rẹ̀ padà fún aláìsàn mọ́. Owó ìdápadà náà sọ̀ kalẹ̀ láti 30 sí 15 nínú 100 ní January 2020, ó sì di òdo ní January 2021. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, NHS, àjọ ìlera ìjọba wọn, ní 2017 ní kí àwọn dókítà má kọ ọ́ fún aláìsàn mọ́.

Ṣé ó léwu?

Hóró 30CH kò ní nǹkankan tó lè pa yín lára, àfi ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ṣúgà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ homiópátì sí lára ni wọ́n pò tó bẹ́ẹ̀. Ní 2009, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa oògùn imú kan, Zicam, tó ní síńkì nínú gan-an, nítorí àwọn tó lò ó ní àwọn kò gbọ́ òórùn mọ́. Ní 2017, àjọ kan náà rí i pé iye belladonna, ewéko olóró, tó wà nínú hóró eyín ọmọ ọwọ́ kan kò dúró sójú kan, tí nígbà mìíràn ó sì ju ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ fíìfíì.

Ewu tó tóbi jù ni ìdádúró.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Paris. Mi ò fẹ́ tàbùkù rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ìfẹ́ ló fi ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ ti ara wíwú lẹ́yìn ìṣubú tàbí ti ọ̀fìnkìn, bí ẹ lò ó tàbí ẹ kò lò ó, kò yí nǹkankan padà. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ní kí ẹ fi rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà tàbí ti ibà, ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé dókítà ní kí ẹ má dá oògùn yín dúró. Ẹ̀gbọ́n tó nífẹ̀ẹ́ yín kò ní bínú sí ìyẹn.

Dókítà tó kàwé ló kọ ọ́ fún mi. Kí ni mo lè bi í?

Ẹ bi í pé: kí ló wà nínú rẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe pò ó tó, ìdánwò wo ló fi wé oògùn òfìfo, aláìsàn mélòó ló wà nínú rẹ̀? Ẹ tún bi í pé ọjọ́ mélòó ni kí ẹ dúró kí ẹ tó padà wá tí ara kò bá yá. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló wúlò jù nínú gbogbo wọn. Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní ka ìbéèrè sí àfojúdi.

Pé a kò rí ẹ̀rí kò túmọ̀ sí pé kò sí. Ṣé kò lè jẹ́ pé sáyẹ́ǹsì kò tíì dé ibẹ̀ ni?

Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì wá ẹ̀rí náà, ọ̀rọ̀ yìí ì bá múná dóko. Wọ́n ti wá a fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdánwò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sì wá a fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Tí ohun kan bá ń ṣiṣẹ́, ìdánwò tó dára ló yẹ kó fi í hàn kedere jù. Ti homiópátì ń lọ sódì: bí ìdánwò bá ṣe ń dára sí i ni àǹfààní ń pòórá.

Kò sí ìdí kan tí a fi gbọ́dọ̀ mọ bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ kí a tó gbà á. Àwọn ènìyàn fi èèpo sinkónà wo ibà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ kòkòrò ibà. Nítorí náà, àwa kò ti ilẹ̀kùn. Ìdánwò ńlá tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi kèké pín, tí aláìsàn àti ayẹ̀wò kò mọ èwo ni èwo, tí wọ́n wọn ohun tó ṣeé fi ẹ̀rọ wọ̀n, tí àwọn mìíràn tí kì í ta oògùn náà sì tún ṣe lẹ́yìn wọn tí wọ́n bá ohun kan náà: bí irú rẹ̀ bá jáde lórí àìsàn kan ṣoṣo, a ó wá yí ìdáhùn orí àìsàn yẹn padà níbí.